Bí a ṣe kọ̀wé gba owó ìrànwọ́ fún àwọn ọmọ wa, àti fún àwa tí à ń pọ̀n wọ́n

Àkànní ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹ̀yìn mi ló ṣì wà. Ọrùn rẹ̀ kò tíì dúró dáadáa, bí òtútù bá sì mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á le gan-an. Cerebral palsy ni àwọn dókítà ń pè é, àìlera tó máa ń dé bá ara àti iṣan bí ọpọlọ bá bàjẹ́ ní kékeré. Ọjọ́ kẹrin tí mo bí i ni ojú rẹ̀ pọ́n (jaundice), wọ́n ní kí n máa gbé e sí oòrùn àárọ̀. Nígbà tí a fi máa gbé e dé ọsibítù, ibà pọ́njú náà ti ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀yin ìyá ọmọ tuntun, ẹ jọ̀ọ́, bí ojú ọmọ bá pọ́n, oòrùn kọ́ ni ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má sì kó káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ, òun náà lè mú kí ojú ọmọ pọ́n.

Àwa ìyá mẹ́tàdínlógún la máa ń pàdé lórí bẹ́ńṣì níwájú yàrá físíò, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú iṣan àti oríkèé ara, níbí ní Ìbàdàn. Orí bẹ́ńṣì yẹn ni ẹgbẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, àjọ kan lókè òkun fún wa ní owó ìrànwọ́ tí àwọn èèyàn ń pè ní gírántì. Ẹ̀ẹ̀kejì tí a kọ̀wé sí wọn nìyẹn, wọn kò mú wa nígbà àkọ́kọ́. Mo fẹ́ sọ bí a ṣe ṣe é, nítorí àwọn ìyá láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ṣakí ń pè mí láti béèrè, mo sì fẹ́ kí gbogbo wọn rí i kà.

Ìwé ẹ̀rí ló kọ́kọ́ gba àkókò wa. Àjọ tí a kọ̀wé sí kì í rán owó sí àkáǹtì ẹnì kan ṣoṣo. A forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, ní ìsọ̀rí tí wọ́n ń pè ní Incorporated Trustees. A gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn méjì, a sì fi ọjọ́ 28 sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ta kò ó. Ibẹ̀ la ti kọjá sí SCUML, ẹ̀ka tó ń gbógun ti fífi owó èrú pamọ́ lábẹ́ EFCC, torí báńkì kò gbà kí á ṣí àkáǹtì ẹgbẹ́ láìmú ìwé wọn wá. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ SCUML o. Ẹnì kan ti gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ wa kí á tó mọ̀. Àwa mẹ́ta là ń buwọ́ lu sọwédowó, àwa méjì sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí kọ́bọ̀ kankan tó jáde.

Èmi ni mo kọ ìwé àkọ́kọ́ tí a fi ránṣẹ́, omijé ni mo fi kọ ọ́. Ojú ewé mẹ́ta gbáko, àwọn ọmọ wa ń jìyà, ẹ ṣàánú wa. Nígbà tí mo dé ibi ètò ìnáwó, ìlà mẹ́rin péré ni mo kọ: àga, oúnjẹ, ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àti àwọn ìnáwó mìíràn. Èsì wọn kò gùn. Wọ́n ní àwọn kò rí ipa tí àwọn tó ní àìlera fúnra wọn ń kó nínú ìpinnu ẹgbẹ́, àwọn kò sì rí ohun tí owó náà máa yí padà nínú ayé ẹnikẹ́ni. Ó dùn mí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ni mo tún un kà, mo sì rí i pé òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan máa ń wá sí físíò ní Ọjọ́rú. Òun náà ní cerebral palsy, ó ti jáde ní Poly, ìka kan ló fi ń tẹ kọ̀ǹpútà, kì í sì í ṣì í tẹ̀. A bẹ̀ ẹ́ kó bá wa wo ìwé náà. Ó kà á tán, ó ní: "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ 'ń jìyà' yẹn kúrò. Cerebral palsy kò fìyà jẹ mí. Àtẹ̀gùn báńkì mi ló ń fìyà jẹ mí." Ó ṣàlàyé pé oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tó dáàbò bo àwọn tó ní àìlera, pé òfin náà fún àwọn ilé tí gbogbo ayé ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí èèyàn bíi tòun lè gbà wọlé. Ọdún márùn-ún náà pé ní 2024. Àtẹ̀gùn náà ṣì wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn la fi í ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́, ó sì ní ìbò bíi gbogbo wa. Òun ló mú àdéhùn àjọ UN lórí ẹ̀tọ́ àwọn tó ní àìlera wá, èyí tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2007, ó sì túmọ̀ abala 28 fún wa. Abala yẹn sọ̀rọ̀ nípa ìdílé tí kò rí já jẹ, pé kí ìjọba ràn wọ́n lọ́wọ́ lórí ìnáwó tí àìlera ń fà: ẹ̀kọ́, ìmọ̀ràn, owó, àti ìsinmi fún ẹni tó ń tọ́jú. Gbogbo bẹ́ńṣì dákẹ́. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Ọjọ́ọ̀ wá bi í pé, "Ṣé ó wà nínú ìwé lóòótọ́ pé kí èmi náà sinmi?" Ó ní ó wà níbẹ̀, ó sì fi ìka rẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ náà fún un.

Ìbéèrè yẹn ló yí ìwé wa padà. Títí di ìgbà náà, ọmọ nìkan là ń kọ nípa rẹ̀, bí ẹni pé atẹ́gùn ló ń gbé e dé físíò. Mo ra ìwé ogójì-ewé fún ìyá kọ̀ọ̀kan, a sì fi oṣù kan gbáko kọ ohun tí ìtọ́jú ń gbà lọ́wọ́ wa sílẹ̀: owó ọkọ̀, ọjọ́ tí a kò lè lọ sọ́jà, iye ìgbà tí a gbé ọmọ. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ ń fa igi. Lọ́jọ́ kan tí mo fara balẹ̀ kà á, ìgbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo gbé Àkànní láti ìdájí títí di alẹ́. Owó ọkọ̀ ló yà wá lẹ́nu jù. Àwọn onímáíkírà, takisí wa níbí, máa ń gba owó ìjókòó méjì lọ́wọ́ wa, torí ẹsẹ̀ ọmọ kò ṣeé ká. Gbogbo wa la ti ń san án láti ọjọ́ pípẹ́ wá, kò sí ẹni tó kà á sí ìnáwó rí.

A wá kọ ọ́ sínú ètò ìnáwó bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: ọkọ̀ fún ọmọ àti olùtọ́jú, ìjókòó méjì ní àlọ, méjì ní àbọ̀, iye ọjọ́, iye ìdílé. Ojú kọ́kọ́ ń ti àwọn kan nínú wa. Wọ́n ní ṣé wọn kò ní sọ pé a fẹ́ jẹ owó ni? Mo ní rárá. Bí owó ọkọ̀ kò bá sí, ìyá kò ní wá. Bí ìyá kò bá wá, ọmọ kò lè wá. Bí ẹ bá ń kọ tiyín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú yọ ìlà yẹn kúrò. A tún fi ìlà kan kún un: ìsinmi olùtọ́jú, wákàtí mẹ́rin ní gbogbo Sátidé, pẹ̀lú owó iṣẹ́ obìnrin méjì tí a máa kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń bọ́ àwọn ọmọ tí kò lè gbé oúnjẹ mì dáadáa àti bí wọ́n ṣe ń gbé wọn.

Ti àga, a kò sọ pé a fẹ́ rà á lókè òkun. Àga tí àwọn ọmọ wa ń fẹ́ gbọ́dọ̀ di ìbàdí wọn mú, kó sì gbá èjìká wọn síwájú, kí orí má baà ṣubú sẹ́yìn. Páálí la fi ń ṣe é, ọgbọ́n tó ti Zimbabwe wá. Ẹ gé páálí Indomie pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ. Ẹ se sítáàṣì gbáguda títí tó máa fi ki bí ògì tó jinná. Ẹ máa fi lẹ páálí lórí ara wọn, kí ìlà inú ọ̀kan dúró, kí ti èkejì dùbúlẹ̀, títí tó máa fi nípọn. Ẹ gbé búlọ́ọ̀kù lé e lórí. Bó bá gbẹ, ayùn lẹ máa fi gé e bíi pákó. Ẹ wá fi ìwé ìròyìn wẹ́wẹ́ lẹ gbogbo etí rẹ̀, kí ẹ tó kùn ún lọ́dà kí itọ́ àti omi má baà wọ inú rẹ̀. Oṣù keje la ṣe àkọ́kọ́, òjò kò jẹ́ kó gbẹ, ó bu, ó sì rọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ ọ́ sínú ètò àkókò wa pé ìgbà òjò la máa ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àga di ìgbà ọyẹ́.

Fọ́ọ̀mù ti íntánẹ́ẹ̀tì kò le bí a ṣe rò. Ẹ kọ ìdáhùn yín síbòmíràn kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, torí iná lè lọ. Ẹ ka iye ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́. Ẹ wo agogo ìlú tí wọ́n fi ka ọjọ́ ìparí, kì í ṣe ti Nàìjíríà dandan. Wọ́n béèrè ìlànà ààbò ọmọ: ta ló lè dá wà pẹ̀lú ọmọ, ta ló lè ya fọ́tò rẹ̀. A jókòó, a kọ ọ́ fúnra wa, a kò da ti ẹlòmíràn kọ.

Lẹ́yìn oṣù méjì, wọ́n pè wá lórí fídíò. Ìyáàfin tó ń bá wa sọ̀rọ̀ ní ìlà òjò àti ọyẹ́ yẹn ló jẹ́ kí òun mọ̀ pé a ti fọwọ́ ara wa ṣe iṣẹ́ náà rí. Akọ̀wé wa ló dáhùn èyí tó pọ̀ jù nínú ìbéèrè rẹ̀, ìyáàfin náà sì dúró dè é títí tí ọ̀rọ̀ fi máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó wá béèrè lórí ìlà ìsinmi: kí ni àwọn ìyá máa fi wákàtí mẹ́rin náà ṣe? Kò sí ohun tí mo múra sílẹ̀ láti sọ. Mo ní, "Wọ́n máa sùn, mà." Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìdajì owó ló kọ́kọ́ wọlé, ìdajì kejì dúró de ìròyìn iṣẹ́ àti rìsíìtì. Sátidé àkọ́kọ́, a tẹ́ ẹní sínú gbọ̀ngàn tí wọ́n yá wa, àwọn obìnrin méjèèjì gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Ọjọ́ọ̀ kò lọ síbì kankan. Ó tú ọ̀já rẹ̀, ó ká a sábẹ́ orí, ó sì sùn sórí ẹní ní kọ̀rọ̀ láti agogo mẹ́wàá títí di agogo méjì ọ̀sán.