Bí mo ṣe fi igi tútù sọgbà fún màlúù nílẹ̀ kìnnìún

Ní ìhà Tarangire, ọgbà ẹranko igbó kan ní Tànsáníà, ẹ̀gún ni àwọn Màásáì, ìyẹn àwọn darandaran ibẹ̀, fi ń sọgbà tí màlúù ń sùn sí. Kìnnìún kì í sábà fò ó wọlé. Ìta ni yóò dúró sí, yóò bú ramúramù; ìjáyà á mú màlúù, wọn á fi àyà já ọgbà, wọn á tú sínú òkùnkùn níbi tó ti ń dúró dè wọ́n. Tílẹ̀ bá mọ́, ọ̀kọ̀ àti májèlé ló kù fún kìnnìún. Nítorí náà, màlúù ni ọgbà tí mo ṣe yìí ń dá dúró.

Igi Commiphora africana, osilalei lẹ́nu Màásáì, ni òpó rẹ̀. Bí ìyèyè wa nílé ló rí: gé ẹ̀ka, gún un mọ́lẹ̀, yóò hù, oje rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ikán bá a jà. Mo gé 100 ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, èyí tó tó ọrùn ọwọ́, mítà 2.4 lóòró. Mo fi ọ̀dà sàmì sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí èyí tí a bá gún sódì kò ní hù. Wọ́n wà ní ibòji fún ọjọ́ mẹ́rin kí ojú ọgbẹ́ gbẹ, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ wọn a máa rà.

Mo so okùn mítà 16 mọ́ èèkàn láàárín, mo fi yí ilẹ̀ po. Róbótó ni; tí igun bá wà, ibẹ̀ ni màlúù yóò rọ́ sí tí wọn yóò tẹ ọmọ wọn pa. Òpó kan ní mítà kan, ihò tó jìn ní 60 sẹ̀ǹtímítà. Róòlù mẹ́fà àwọ̀n wáyà onímítà 18, gíga 1.8, ló kárí. Igi àti iṣẹ́ jẹ́ ti onímàlúù. Àwọ̀n nìkan la bá a dá owó rẹ̀.

Ẹ má kan ìṣó mọ́ igi o. Wáyà ni mo fi so ó, mo fàyè ìka méjì sílẹ̀ torí igi á sanra. Ewúrẹ́ ló dà á láàmú jù: wọ́n jẹ ọ̀mùnú, wọ́n bó èèpo. Mo fi ẹ̀gún àtijọ́ yí i ká títí ó fi ta gbòǹgbò.

Ẹnu ọ̀nà gba odindi ọjọ́ kan. Dúrọ́ọ̀mù epo tí a lù pẹlẹbẹ ni mo kàn mọ́ férémù igi. Inú ló ń ṣí sí: bí màlúù bá rọ́ lù ú, ńṣe ni yóò túbọ̀ lẹ̀ mọ́ férémù. Mo to òkúta sábẹ́ rẹ̀ nítorí ìkookò tó ń gbẹ́lẹ̀. Àmọ̀tẹ́kùn ṣì lè gun ọgbà náà, ìyẹn ni ọmọ ewúrẹ́ fi ń sùn nínú ahéré tó ní òrùlé.