Ẹran Màlúù Ni Pọ̀nmọ́: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Oúnjẹ Ajá Tí Ara Ń Yún

Bí ajá bá ń họ ara lóru, ẹ ó gbọ́ ọ kí ẹ tó rí i. Ojúlarí, ajá wa nílé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ̀gbẹ́ géètì ló máa ń sùn. Bó bá ti gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sókè láti họ abíyá, ẹsẹ̀ náà á máa gbá irin, gbì-gbì-gbì, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Irun etí rẹ̀ ti re, àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti pọ́n nítorí pé kì í yé lá a. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń sọ pé, "Ẹ pààrọ̀ oúnjẹ ẹ̀." Mo sì pààrọ̀ rẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan. Pàbó ló já sí. Àṣìṣe tí mo ṣe nígbà náà ni àwọn aládùúgbò mi àti àwọn ojúlùmọ̀ mi ní Rẹ́mọ ṣì ń ṣe títí dòní, ó sì ń dùn mí, torí ajá tí kò lè sọ̀rọ̀ ló ń jìyà rẹ̀.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé a máa ń dá oúnjẹ lẹ́bi ká tó yẹ ara ajá wò. Ajá tí kòkòrò ń yọ lẹ́nu pọ̀ ju ajá tí oúnjẹ ń bá jà lọ. Eégbọn wà níbẹ̀, àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń fò kiri inú irun wà níbẹ̀, èkúrú àti làpálàpá náà wà níbẹ̀. Ẹ mú kóòmù eléyín wẹ́wẹ́, irú èyí tí a fi ń yọ iná orí, kí ẹ fi ya irun ìbàdí ajá níbi tí ìrù ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọn ohun tó bá jáde sórí aṣọ funfun tí ẹ ti fi omi rin. Bí ìdọ̀tí dúdú bíńtín-bíńtín náà bá yọ omi tó pọ́n bí ìpẹtà, ìgbẹ́ kòkòrò ni, ẹ̀jẹ̀ ajá yín ló mu tó fi yà á. Bó bá jẹ́ etí àti ìgúnpá ni irun ti ń re, tí ara sì bẹ̀rẹ̀ sí í yún ẹ̀yin náà níbi tí ajá ti fara kàn yín, èkúrú ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, torí ó máa ń ran ènìyàn. Kò sí oúnjẹ tó lè wo ìyẹn sàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ́ìlì dúdú tí àwọn mẹkáníìkì dà nù pa á lára. Ẹ má sì fi oògùn kòkòrò oko wẹ̀ ẹ́. Ajá máa ń lá ara rẹ̀, ohun tí ẹ bá fi pa á lára, inú rẹ̀ ló ń lọ. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Bí ọ̀ràn náà bá le, ilé ìwòsàn ẹranko wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Alábàtà, Abẹ́òkúta, ọ̀kan sì wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Kò jìnnà sí wa ju ibi tí à ń lọ ra ọjà lọ.

Bí kòkòrò bá ti kúrò nílẹ̀, tí egbò ara rẹ̀ ti gba ìtọ́jú, tó ṣì ń họ etí, tó ń lá ẹsẹ̀, tó ń fi ìdí wọ́ ilẹ̀, nígbà náà ló tó kan oúnjẹ.

Ẹ̀bà ni ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ yọ. Wọ́n á ní gààrí Ìjẹ̀bú ti kan jù fún ajá. Àwọn ará Rẹ́mọ á yọ ẹ̀bìrìpò, ẹlòmíràn á ní ìkọ́kọrẹ́ ni. Àmọ́ ohun tí àwọn dókítà ẹranko rí pé ó ń bá ajá jà jù ni ẹran màlúù, wàrà, adìyẹ àti àlìkámà. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí nínú ilé wa. A gbé ẹ̀bà kúrò, a fi omi ọbẹ̀ ẹran sílẹ̀. A fún un ní ògì, a da mílíìkì lé e lórí. A fún un ní búrẹ́dì, ìyẹ̀fun àlìkámà sì ni wọ́n fi ń ṣe é. Kì í ṣe pé àwọn oúnjẹ wọ̀nyí burú o. Ohun tí ajá ti ń jẹ tipẹ́ ni ara rẹ̀ máa ń kẹ̀yìn sí, ìdí nìyẹn tí ajá tó ti ń jẹ nǹkan kan fún ọdún mẹ́ta láìsí wàhálà fi lè bẹ̀rẹ̀ sí í họ ara nítorí rẹ̀.

Nítorí náà, ẹran tí kò jẹ rí ni kí ẹ wá. Èmi lo ehoro tí wọ́n ń sìn, pẹ̀lú iṣu sísè. Ẹlẹ́dẹ̀ náà dára bí ajá yín kò bá tíì jẹ ẹ́ rí, ẹ ṣáà gé ọ̀rá rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì sè é jinná. Ẹran ìgbẹ́ kò dá mi lójú, torí a kì í mọ ohun tí wọ́n fi pa á. Omi lásán ni kí ẹ fi sè é. Magí kò gbọdọ̀ kàn án, torí àwọn kan nínú rẹ̀ ní èròjà adìyẹ tàbí ti màlúù. Àlùbọ́sà àti aáyù kò sì yẹ lẹ́nu ajá rárá, yálà ara ń yún un tàbí kò yún un. Wọ́n máa ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́.

Ẹ má ṣe já oúnjẹ àtijọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ìgbẹ́ gbuuru má bàa mú un. Ẹ fi bí ọ̀sẹ̀ kan pọ̀ wọ́n mọ́ra, kí tuntun máa pọ̀ sí i, kí ti àtijọ́ máa dín kù. Ọjọ́ tí ti àtijọ́ bá kúrò pátápátá ni kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀sẹ̀ 8. Ọ̀sẹ̀ 8, kì í ṣe 2. Ibí yìí ni èmi fúnra mi ti kọ́kọ́ kùnà, torí mo rò pé bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tó ṣì ń họ ara, oúnjẹ náà kò dára. Awọ tó ti wú, tó ti bó, kì í tètè padà bọ̀ sípò.

Nígbà tí mo wá ṣe é bó ti yẹ, Ojúlarí bẹ̀rẹ̀ sí í sùn ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ìró géètì tún bẹ̀rẹ̀. Mo yẹ ara rẹ̀ wò, n kò rí kòkòrò kankan. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo bá màmá mi lórí bẹ́ǹṣì níbi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Ajá jókòó síwájú wọn, ó ń wò wọ́n lójú, wọ́n sì ń já pọ̀nmọ́ sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀.

Mo ní, "Màmá, mo ṣe bí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má fún un ní ẹran."

Wọ́n ní, "Ẹran wo? Pọ̀nmọ́ lásán! Awọ nìyí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni à ń fi dá lára yá."

Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa, bí gbogbo wa ṣe ń rò ó nìyẹn. Àmọ́ awọ màlúù ni pọ̀nmọ́, màlúù náà sì ni. Mo tún ọ̀sẹ̀ 8 náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nínú agbo ilé wa, ajá kì í ṣe ti ẹnì kan. Ìyá àgbà á ju orí ẹja sí i, ọmọ aládùúgbò á fún un ní bisikí, òun náà á sì lọ tú ààtàn. Bí ẹ bá kàn ń pariwo pé "ẹ má fún un ní nǹkan," wọn ó máa fún un ní ìkọ̀kọ̀. Mo gé ehoro àti iṣu wẹ́wẹ́ sínú abọ́ kan, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá mi, mo ní kí wọ́n máa fún un látinú ìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀, torí pé fífún ajá ní nǹkan ni wọ́n fẹ́ràn, kì í ṣe pọ̀nmọ́. Ẹ so ajá mọ́lẹ̀ tàbí kí ẹ ti géètì. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Iléyá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, torí bó bá fi máa di ọjọ́ Ojúde Ọba, àlejò á ti kún ilé, eegun á sì ti kún ilẹ̀.

Oúnjẹ ajá inú àpò tí wọ́n ń fi kọ́ńgò wọ̀n lọ́jà kò wúlò fún irú ìdánwò yìí, ẹ kò mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn. Èyí tó wà nínú àpò tí wọn kò tíì tú pàápàá, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀: wọ́n lè kọ àgùntàn gàdàgbà síwájú, kí adìyẹ wà lẹ́yìn. Oògùn aràn tí wọ́n fi adùn ẹran sí, ẹ bi dókítà bóyá èyí tí kò ládùn wà. Abẹ́rẹ́ tó ń dá yíyún dúró náà, ẹ má lọ rà á fúnra yín láàárín ìdánwò. Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀, ẹ kò ní mọ̀ bóyá oúnjẹ ni tàbí abẹ́rẹ́.

Èyí tí ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ gbọ́ ni pé bí ara ajá bá ti yá, ẹ gbọ́dọ̀ dá oúnjẹ àtijọ́ padà. Bí oúnjẹ ló ń fà á, yíyún náà sábà máa ń padà láàárín ọjọ́ 14. Bí kò bá padà, nǹkan mìíràn ló fà á, ẹ̀yin á sì kàn máa náwó ehoro lásán. Bó bá padà, ẹ dá a sórí ehoro títí ara á fi rọ̀, kí ẹ wá máa dán àwọn yòókù wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣu àti ehoro nìkan kò sì lè gbé ajá ró títí ayé, egungun rẹ̀ nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá ọmọ ajá tó ṣì ń dàgbà. Ẹ jẹ́ kí dókítà bá yín to èyí tí yóò máa jẹ lọ.

Ọkàn mi kò gbé e nígbà tí ó kàn mí láti dá ẹran màlúù padà fún Ojúlarí. Irun etí rẹ̀ ti hù, ó sì ti ń sùn dáadáa. Mo fún un ní ègé kékeré lójoojúmọ́, sísè lásán. Lóru ọjọ́ kẹta, mo wà lórí ibùsùn nígbà tí mo gbọ́ géètì: gbì-gbì-gbì. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ ni mo dá ẹran náà dúró. A dán adìyẹ wò lẹ́yìn ìyẹn, kò ṣe é ní nǹkan kan. A dán ẹyin wò, kò ṣe é ní nǹkan. Màlúù nìkan ni, àti pọ̀nmọ́ tó jẹ́ awọ rẹ̀. Abọ́ kékeré ẹ̀gbẹ́ bẹ́ǹṣì màmá mi ṣì wà níbẹ̀.