Bí Mo Ṣe Ṣètò Ìrìn-àjò Ọjọ́ Mẹ́ta sí Àjàṣẹ́ fún Màámi

Nígbà tó ku oṣù mẹ́ta kí màámi pé ẹni 70 ọdún, mo bi í pé ibo ló wù ú kí n mú un lọ. Àbújá ló wà lọ́kàn tèmi, mo tiẹ̀ ti ń bèèrè owó ọkọ̀ òfuurufú. Ó wò mí, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, mú mi dé Àjàṣẹ́." Ìgbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa ń ra aṣọ wá sí Balógun. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ gbẹ̀yìn.

Inú mi dùn sí i, torí olú-ìlú ṣì ni a máa lọ. Àwa ará Èkó, Kútọnù la máa ń pe gbogbo orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. "Ó lọ sí Kútọnù," ó parí náà nìyẹn. Lóòótọ́, Kútọnù ló tóbi jù, ibẹ̀ ni ààrẹ wọn ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Àjàṣẹ́, tí Faransé ń pè ní Porto-Novo, ni olú-ìlú tí òfin mọ̀, ibẹ̀ náà ni àwọn aṣòfin wọn ti ń jókòó. Ìbàdàn gan-an jìnnà sí Èkó jù ú lọ.

Ìwé ni mo kọ́kọ́ mójú tó. Láti ọdún 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fẹnu kò pé ọmọ ilẹ̀ kan lè wọ ilẹ̀ kejì láìgba físà, kó sì lo ọjọ́ 90 níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ pé kò sí físà, wọ́n wá rò pé a kò nílò ìwé kankan. A nílò páásípọ́ọ̀tù, a sì nílò yẹ́lò káàdì, ìyẹn ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú.

Páásípọ́ọ̀tù màámi, ọjọ́ ti kọjá lórí rẹ̀ tipẹ́. Gbígba òmíràn ló gba àsìkò jù lọ nínú gbogbo ètò náà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya ìka kò rí ìlà kankan kà ní ìka rẹ̀. Ogójì ọdún tó fi ń ka aṣọ, tó fi ń ṣẹ́ aṣọ po, ti nu gbogbo ìlà ibẹ̀ kúrò. Ẹ̀ẹ̀mejì la lọ ká tó rí i yà. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan tó wà lórí ìlà pẹ̀lú wa sọ fún wa pé kó fi ìpara pa ọwọ́, kó sì fi omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ ṣan án. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ nìyẹn. Bí ẹ bá ń mú àgbàlagbà rìn, ẹ bẹ̀rẹ̀ páásípọ́ọ̀tù ní oṣù méjì sí ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ, ó kéré tán.

Ti yẹ́lò káàdì rọrùn fún wa. Màámi ti gba abẹ́rẹ́ yẹn rí, láti ọdún 2016 sì ni wọ́n ti gbà káàkiri àgbáyé pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó fún gbogbo ìgbésí ayé ẹni. Mo kàn bá a pààrọ̀ káàdì àtijọ́ sí èyí tó wà lóde báyìí ni. Ṣùgbọ́n bí ìyá tàbí bàbá yín bá ti lé ní 60 ọdún tí kò sì gbà á rí, ẹ mú un lọ bá dókítà kí wọ́n tó fún un, torí abẹ́rẹ́ yẹn lè le fún àgbàlagbà tó bá jẹ́ àkọ́gbà rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè gba Ọ̀tà lọ sí Ìdìrókò, kí ẹ bọ́ sí Ìgòlò, tàbí kí ẹ gba Àgbádárìgì lọ sí bọ́dà Sẹ̀mẹ̀. Ìdìrókò ni màámi mọ̀. Sẹ̀mẹ̀ ni mo yàn, nítorí mo fẹ́ kó lè sọ̀ kalẹ̀ ní Àgbádárìgì, kó na ẹsẹ̀, kó jẹun, kó sì rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ níbẹ̀ ní ọdún 1845, tó ti ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ láti kékeré tí kò rí i rí.

Owó wọn, sẹ́fà ni. Èkó níbí ni mo ti ṣẹ́ èyí tó pọ̀, lọ́dọ̀ ẹni tí a ti ń bá ṣe tẹ́lẹ̀, mo wá fi díẹ̀ sílẹ̀ di bọ́dà. Ẹ bèèrè owó wẹ́wẹ́, 500, 1,000 àti 2,000, torí ọlọ́kọ̀ àti alákàrà kì í ní ṣéńjì fún 10,000. Ẹ kà á lójú ẹni tó fún yín, ẹ má ṣe kà á nínú ọkọ̀ tó ti fẹ́ gbéra. Ohun kékeré mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn yàtọ̀ sí tiwa: oníhò róbótó méjì ni. Ọwọ́ aládùúgbò mi kan tó máa ń lọ síbẹ̀ ni mo ti yá ohun tí a fi ń so ṣájà mọ́ ọn.

Ibi tí ètò náà ti dùn mọ́ mi jù ni yíyan ibi tí a máa lọ wò. Ibi mẹ́sàn-án ni mo kọ sínú ìwé. Mo kọ Ganvié, ìlú tí wọ́n kọ́ sórí omi Nokoué. Mo kọ Ouidah létí òkun. Mo tiẹ̀ kọ ààfin àwọn ọba Dàhòmì ní Abomey. Mo jókòó ti màámi lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń kà á fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ọmọ mi, ọjọ́ mélòó la ní?" Mo ní mẹ́ta, a sì máa fi èyí tó pọ̀ nínú àkọ́kọ́ àti ìkẹta rìn lójú ọ̀nà. Ó ní, "Àjàṣẹ́ ni mo sọ."

Mo fa ìlà sórí ohun gbogbo tí kò sí nínú Àjàṣẹ́. Ó ku mọ́ṣáláṣí ńlá, ààfin Honmè, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé da Silva tó ń sọ ìtàn àwọn tó padà dé láti Bùràsíìlì, àti oko Songhai. Lẹ́yìn náà ni mo fi ọ̀sán Sọ́ńdè sílẹ̀ lófìfo. Ó nira fún mi. Ilé ìtẹ̀wé ni mo ní ní Ṣómólú, a kì í fi àyè ṣòfò lórí bébà. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé lẹ́yìn aago méjìlá, orúnkún rẹ̀ ló máa ń pinnu ibi tí a ó lọ.

A kúrò nílé láàárọ̀ Sátidé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ní bọ́dà, ọmọkùnrin kan ní òun á gbà wá kọjá kíákíá láìtò. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a tò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí páásípọ́ọ̀tù yín níhà méjèèjì, bí ìlà bá tilẹ̀ gùn, torí ẹni tí kò ní òǹtẹ̀ ìwọlé kò ní àlàyé kankan nígbà tó bá ń jáde. Látibẹ̀ a gba takisí dé oríta Sèmè-Kpodji, a yà sọ́tùn-ún, a gba orí afárá kọjá ọ̀sà, a sì bá ara wa nínú ìlú. Aago wọn àti tiwa, ọ̀kan náà ni.

Songhai la sùn sí. Oko ńlá tó tún jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ni, àlùfáà ọmọ Nàìjíríà kan, Godfrey Nzamujo, ló dá a sílẹ̀ ní 1985. Wọ́n ní yàrá àlejò àti ilé oúnjẹ, ó sì mọ́ tónítóní. Màámi wo adágún ẹja wọn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè a lọ sí mọ́ṣáláṣí náà. Ọdún 1912 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì: ilé ìṣọ́ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níwájú, òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì yọ yí fèrèsé ká, ọ̀dà oríṣiríṣi tí oòrùn ti jẹ lára. Irú ilé ìjọsìn tí àwọn ọmọ Àgùdà, ìyẹn àwọn tó padà dé láti Bùràsíìlì, rí ní Bahia lọ́hùn-ún ni wọ́n rántí kọ́. Màámi dúró, kò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn Campos ní Pópó Àgùdà, l'Érékùṣù Èkó, ni wọ́n bí i, òdòdó sìmẹ́ǹtì bẹ́ẹ̀ ló wà lókè ilẹ̀kùn ilé bàbá rẹ̀ àgbà kí wọ́n tó wó o. Ó na ọwọ́ sí fèrèsé kan, ó ní, "Wò ó, tiwa nìyí." Mo rán an létí mọ́ṣáláṣí Ṣítà-Bey l'Érékùṣù, tí wọ́n ṣí ní 1894, pé ọmọ Àgùdà ló kọ́ ìyẹn náà, João da Costa. Ó ní òun mọ̀, pé iwájú rẹ̀ ni òun ń gbà lọ sí ọjà lójoojúmọ́.

Ààfin Honmè, níbi tí Ọba Toffa ti jọba láti 1874 sí 1908, a kò pẹ́ níbẹ̀. Àtẹ̀gùn àti àgbàlá ibẹ̀ ti mú kó rẹ màámi. Àyè òfìfo tí mo fi sílẹ̀ wá wúlò. Màámi ní kí n mú òun lọ sí ọjà.

Ó jókòó sórí àpótí ìyá aláṣọ kan tí kò mọ̀ rí. Ìyá náà kí i ní Yorùbá, Yorùbá tó ní ohùn Àjàṣẹ́ nínú, màámi sì dá a lóhùn bí ẹni tó fi ibẹ̀ sílẹ̀ lánàá. Wọ́n dárúkọ àwọn oníṣòwò àtijọ́: èyí ti kú, èyí ti lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Faransé, èyí ṣì wà ní òpópó kejì. Wákàtí mẹ́rin la lò níbẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé da Silva, a kò dé ibẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, lẹ́yìn tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ ìjáde fún wa, mo bá ẹni tó ń ṣẹ́ owó lábẹ́ agboòrùn rẹ̀, mo ní kí màámi kó sẹ́fà tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ wá, kí n ṣẹ́ ẹ padà sí náírà. Ó ti dì í sí etí ìró rẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kó wà níbẹ̀.