Ẹ Má Fi Àgbo Pamọ́ fún Dókítà: Àṣìṣe Àwọn Tó Wọ Ìwádìí Oògùn Crohn

Ní Òṣogbo, ẹni tí inú ń run, tó ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, tó sì ń rù, jẹ̀díjẹ̀dí la máa kọ́kọ́ pè é. Ohun tí gbogbo wa nílé rò nìyẹn nígbà tí àìsàn àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ ní London. Àrùn Crohn ni wọ́n bá lára rẹ̀. Ìfun ló ń wú, tó ń dégbò, kò sì tíì sí oògùn tó ń wò ó tán. Ló bá gbà láti wọ ìwádìí oògùn tuntun.

Màmá wa ra egbòogi jẹ̀dí ní ọjà Ìgbọ̀nà, wọ́n dì í sáàárín gààrí, wọ́n fi rán ẹni tó ń lọ. Àbúrò mi ń sè é mu, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò ṣe dáadáa mọ́. Oògùn tuntun ni wọ́n fura sí, wọ́n dá a dúró. Ìgbà tí nọ́ọ̀sì rọra bi í léèrè ló tó jẹ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó lè sọ mọ́ bóyá oògùn ló fà á tàbí egbòogi. Ẹ jọ̀ọ́, ohunkóhun tí ẹ bá ń gbé mì, ìbáà ṣe àgbo, ìbáà ṣe àgúnmu, ẹ sọ ọ́. Irú irọ́ yìí lè ba oògùn tó dára jẹ́ mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ìwé àkọsílẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìwádìí Crohn ń béèrè iye ìgbà téèyàn yàgbẹ́ olómi lójúmọ́ àti bí inú ṣe run ún tó, fún ọjọ́ 7. Àbúrò mi fi tirẹ̀ hàn mí lórí fóònù: 3, 3, 3, láti Mọ́ńdè dé Sọ́ńdè, bírò kan náà, ọwọ́ ìkánjú kan náà. Inú ọkọ̀ ojú irin ló ti kọ gbogbo rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ rí dókítà. Alaalẹ́ ni kí ẹ máa kọ ọ́.

Ẹ má dá prednisolone, oògùn tó ń mú kí ìfun tó wú rọlẹ̀, dúró lójijì nítorí ìwádìí. Bó bá ti pẹ́ lára, díẹ̀díẹ̀ ni dókítà ń dín in kù. Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá yẹ ikọ́ ife wò, ẹ má bínú: oògùn Crohn bí infliximab, tó ń dín agbára tí ara fi ń gbógun ti àrùn kù, lè jí ikọ́ ife tó sùn sínú ara dìde.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ má tọwọ́ bọ̀wé kí ẹ tó bi wọ́n bóyá NAFDAC ti fọwọ́ sí ìwádìí náà. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú bóyá oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú, tí wọ́n kàn fi ń ṣe àfiwé, lè bọ́ sí yín lọ́wọ́. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti jáde nígbàkúùgbà, ṣùgbọ́n ẹ má kàn sá lọ. Ẹ sọ fún wọn, kí wọ́n yẹ ara yín wò kí ẹ tó máa lọ.