Dúráyà Ń Yí, Kò Gbóná: Ohun Tí Mo Rí Nígbà Tí Mo Tú U Wò

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fi dúráyà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ, ránṣẹ́ láti ìlú Ọba nígbà tí ìyàwó mi bí ìbejì. Tòkunbọ̀ ni, irú èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná jáde gba inú họ́ọ̀sì kan lẹ́yìn rẹ̀ bọ́ síta. Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú Òde nígbà òjò á mọ ìdí tí a fi nílò rẹ̀. Bí oṣù kẹfà bá ti wọlé, aṣọ tí a sá láàárọ̀, ní tútù la ó ṣì ká a wọlé nírọ̀lẹ́, tó bá sì sùn bẹ́ẹ̀ mọ́jú, ó ti ń rùn. Ta ló máa fi irú aṣọ bẹ́ẹ̀ wọ ọmọ ìkókó? Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí láìgbóná, tí aṣọ ń jáde bó ṣe wọlé, mi ò fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ falẹ̀ rárá.

Mo ń kọ èyí nítorí pé àtúnṣe tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ bá wa ṣe sí i lè jó ilé, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n ti ṣe é fún. Màá dé ibẹ̀.

Kí n tó fọwọ́ kan súkúrú kankan, mo kọ́kọ́ rí i dájú pé lóòótọ́ ni kò gbóná. Ọ̀pọ̀ dúráyà ní ibì kan lára bọ́tìnnì rẹ̀ tó jẹ́ pé atẹ́gùn lásán ló ń fẹ́ níbẹ̀, ọmọdé sì lè yí i síbẹ̀ láìmọ̀. Aago rẹ̀ náà ní ìwà tirẹ̀: ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kù kó dúró, ó máa ń pa ooru kí aṣọ lè tutù díẹ̀, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án lákòókò yẹn á ní ó ti bàjẹ́. Mo yí aago dé wákàtí kan, mo yan ooru tó ga jù, mo jẹ́ kó máa yí láìsí aṣọ nínú rẹ̀, mo wá fọwọ́ sí ẹnu họ́ọ̀sì lẹ́yìn. Atẹ́gùn ń jáde, àmọ́ kò lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò sì lágbára. Àìlágbára yẹn, mo fi í sọ́kàn.

Lọ́dọ̀ wa níbí, iná ni èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fura sí. Fóòtì 230 ló yẹ kó máa wá sí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kọ wáàtì 2,300 sí ẹ̀yìn dúráyà wa fún ẹlimẹ́ǹtì rẹ̀, irin tó ń mú ooru jáde nínú rẹ̀, ìyẹn bí fóòtì bá pé. Bí fóòtì bá lọ sílẹ̀, ooru máa ń lọ sílẹ̀ jù ú lọ. Ẹ jẹ́ ká ní iná já sí 160, tó jẹ́ nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá iye tó yẹ kó jẹ́: ooru tí ẹlimẹ́ǹtì á mú jáde kò ní ju nǹkan bí wáàtì 1,100 lọ, kò tó ìdajì. Dúrọ́ọ̀mù, ibi roboto tí aṣọ ń wà, á ṣì máa yí, wọ́n á wá ní nǹkan kan ti kú nínú ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ iná ni kò tó. Mo fi mítà kékeré tí àwọn oníṣẹ́ iná ń lò wò ó nírọ̀lẹ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò ti dé láti ibi iṣẹ́, ó kà 165. Mo dúró di òru, ó gòkè dé 218. Mo tan dúráyà, ooru ò sí rárá. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe ẹjọ́ iná. Kì í sì í ṣe fíùsì inú pulọ́ọ̀gì, nítorí bí ìyẹn bá jó, dúrọ́ọ̀mù pàápàá kò ní yí.

Ẹni tí dúráyà tirẹ̀ bá ti Amẹ́ríkà wá, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ o, ó sì léwu ju tèmi lọ. Lọ́hùn-ún, wáyà méjì tó ní iná ló ń wọ inú dúráyà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ fóòtì 120 sí níútírà, wáyà tí iná ń gbà padà, àwọn méjèèjì síra wọn jẹ́ 240. Ẹ́ńjìnnì tó ń yí dúrọ́ọ̀mù ń lo 120, ẹlimẹ́ǹtì ń lo 240. Ìdí nìyí tí ti àwọn ará ibẹ̀ fi lè máa yí láìgbóná kìkì nítorí pé iná wáyà kan ti lọ, tí ti èkejì ṣì wà. Bí irú rẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ wa, tí oníṣẹ́ iná rí i pé wáyà méjì ló fẹ́ iná, tó wá ní òun á fún un ní féésì méjì, ẹ dá a dúró kíá. Láàárín féésì méjì níbí, fóòtì 400 sí 415 ló wà. Ẹlimẹ́ǹtì kò ní gbà á, ẹ́ńjìnnì náà kò ní gbà á. Tiransifọ́mà tí wọ́n ṣe fún un nìkan ló lè jẹ́ kó ṣiṣẹ́ nílé yín, ó sì gbọ́dọ̀ tóbi gan-an, nítorí ẹlimẹ́ǹtì tiwọn sábà máa ń ju wáàtì 5,000 lọ.

Ó yá, mo padà sí atẹ́gùn tí kò lágbára. Iṣẹ́ dúráyà kò ju èyí lọ: ẹlimẹ́ǹtì ń mú atẹ́gùn gbóná, fáànù ń fà á gba àárín aṣọ tútù, omi inú aṣọ á bá a jáde síta. Bí ọ̀nà àbájáde bá dí, ooru ò ní ibi tó ń lọ, á kóra jọ sídìí ẹlimẹ́ǹtì. Ìyàwó mi kì í ti aṣọ kan bọ̀ ọ́ láìkọ́kọ́ nu asẹ́ tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, níbi tí fùlùfúlù òwú tó ń já lára aṣọ máa ń kó sí, torí náà ibẹ̀ mọ́. Mo fa ẹ̀rọ náà kúrò lára ògiri. Họ́ọ̀sì rẹ̀ ti tẹ̀ pẹrẹsẹ níbi kan, àmọ́ ìyẹn nìkan kò tó láti dí i tó bẹ́ẹ̀.

Ìta ni mo ti rí ìdí rẹ̀. Ihò tí họ́ọ̀sì ń gbà jáde lára ògiri, ihò fáànù ni tẹ́lẹ̀, ẹni tó ṣe nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé ilé yìí kí a tó kó wọlé sì ti fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bò ó mọ́ àwọn yòókù. Láti inú ilé, èèyàn ò lè rí i. Mo gun àga lẹ́yìn ilé, mo ṣí ìbòrí ihò náà, mo bá fùlùfúlù òwú tó ti dì mọ́ nẹ́ẹ̀tì bí ẹní, òjò ti rin ín, ó sì tún ti gbẹ. Mo fi èékánná tú etí rẹ̀, ó ṣí kúrò lódidi. Fùlùfúlù tí asẹ́ inú ẹ̀rọ kò bá gbà, nẹ́ẹ̀tì á gbà á, díẹ̀díẹ̀, títí atẹ́gùn ò fi ní rí ọ̀nà mọ́. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn dára lójú fèrèsé. Kò gbọ́dọ̀ sí lẹ́nu ihò dúráyà.

Lẹ́yìn èyí ni mo tó tú u. Mo yọ pulọ́ọ̀gì kúrò pátápátá, mi ò gbẹ́kẹ̀ lé pé mo ti pa suwíìṣì. Mo tú pánẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn, mo sì fi fóònù ya fọ́tò gbogbo wáyà kí n tó yọ ẹyọ kan, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jọra. Kapásítọ̀ wà nídìí ẹ́ńjìnnì, ó ṣì lè ní iná nínú lẹ́yìn tí a bá ti yọ pulọ́ọ̀gì, mi ò jẹ́ kí ọwọ́ mi débẹ̀.

Ẹlimẹ́ǹtì ni mo kọ́kọ́ wọ̀n. Bí ó bá jẹ́ wáàtì 2,300 ní fóòtì 230, óòmù 23, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ó ṣe ń dá iná dúró tó, ló yẹ kí mítà kà. Ó kà 22 àti díẹ̀. Mo fi ẹnu mítà kan sí i, mo fi èkejì sí ara irin tó bò ó, mítà ò ka nǹkan kan, ìyẹn ni pé kò kan ara irin níbì kankan. Ẹlimẹ́ǹtì yè. Ẹ ẹ̀ rí i pé ká ní mo ti sáré lọ ra ẹlimẹ́ǹtì tuntun, owó yẹn ì bá ti ṣòfò.

Lára àpótí ẹlimẹ́ǹtì yẹn, ohun kékeré méjì wà tó rí roboto, wáyà méjì-méjì wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ni tẹmosítáàtì: bí ooru bá pọ̀, á gé iná, bí ó bá tutù, á tún so ó pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe títí aṣọ á fi gbẹ. Èkejì, fíùsì ooru ni. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n gbé fún un: bí ooru bá kọjá ààlà, kó já, kó má sì so mọ́. Mo yọ wáyà kan kúrò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan kí mítà má bàa gba ọ̀nà mìíràn kà á. Tẹmosítáàtì ka òdo, ìyẹn ni pé iná ń gbà á kọjá, ó dára. Fíùsì ooru kò ka nǹkan kan. Ó ti já.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa tó ń tún fíríìjì àti ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe, ọwọ́ rẹ̀ dán, mo sì pè é wá kó bá mi fojú sí i.

"Kékeré ni," bàbá ní. "Ká gé wáyà méjèèjì, ká so wọ́n pọ̀, ká dáyírẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Kò ní pẹ́ gbóná."

"Bàbá, ẹ ṣeun. Àmọ́ ẹ má jẹ̀ẹ́ ká ṣe bẹ́ẹ̀."

"Mo ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Kò sí èyí tó padà wá bá mi."

Mo mọ̀ pé kò sọ ọ́ láti fi ṣe ibi. Àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ wá fún un kì í fẹ́ dúró de ẹ̀yà tuntun, wọn kì í sì í fẹ́ san owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá fo fíùsì yẹn, tẹmosítáàtì nìkan ló kù tó ń ṣọ́ ooru, tẹmosítáàtì sì lè lẹ̀ mọ́ra kó má lè gé iná mọ́. Bí ó bá lẹ̀, ẹlimẹ́ǹtì á máa gbóná lọ, nínú àpótí irin tí fùlùfúlù òwú kún ìdí rẹ̀, nínú ilé tí ọmọ méjì ń sùn. Mo bá bàbá lọ sẹ́yìn ilé. Mo mú ìwọ̀nba fùlùfúlù gbígbẹ tí mo kó nínú ẹ̀rọ, mo gbé e sórí sìmẹ́ńtì, mo ṣáná sí i. Kí a tó ṣẹ́jú, ó ti jó tán. Bàbá wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Ó da," ó ní. "Wá tuntun rẹ̀. Èmi náà á bá ẹ fi sí i."

Nípa ìyẹn, nọ́ńbà ooru tó wà lójú fíùsì náà ni kí ẹ bá lọ sọ́jà, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀rọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ga jù kò ní já nígbà tó yẹ, èyí tó bá kéré jù á já láìnídìí. Mi ò rí i ní ọjà Òkè-Ajé níbí. Ẹnìkan bá mi rà á ní Alábà, ó sì fi wébíìlì ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní Ìjẹ̀bú Òde. Mo ní kó ra tẹmosítáàtì mọ́ ọn, torí ooru tó já fíùsì ti kọjá lára òun náà, wọ́n sì sábà máa ń ta méjèèjì pọ̀.

Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ ò ní tán léèékánná. Fíùsì tuntun á tún já bí ọ̀nà atẹ́gùn ò bá là. Torí náà, kí a tó fi í sí i, a fi búrọ́ọ̀ṣì gbá gbogbo inú ẹ̀rọ, a gbá ìdí fáànù, a sì fọ inú họ́ọ̀sì. Mo gé họ́ọ̀sì náà kúrú kó lè lọ tààrà láìtẹ̀. Mo yọ nẹ́ẹ̀tì dànù, mo fi ìdérí oníke sí ẹnu ihò, irú èyí tí atẹ́gùn ń ṣí nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, tó ń padé fúnra rẹ̀ bí ẹ̀rọ bá dúró. Ẹ̀fọn ò rí ọ̀nà wọlé, òwú ò sì rí ohun tó máa dì mọ́.

Nígbà tí a tan án, kò pẹ́ tí ooru fi dé ẹnu ihò níta, atẹ́gùn sì ń fẹ́ dáadáa. Táwẹ́lì tó nípọn gbẹ láàárín wákàtí kan ní òru tí iná dára. Nírọ̀lẹ́ tí fóòtì bá lọ sílẹ̀, ó ṣì ń pẹ́, ìyẹn kì í ṣe àìsàn ẹ̀rọ. Sítẹbiláísà tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ tó ń gbé fóòtì tó bá lọ sílẹ̀ sókè, kò lè gbé e, jẹnẹrétọ̀ kékeré náà kò lè gbé e. Bàbá ní tí mo bá fẹ́ sítẹbiláísà fún un, kí n wá 5 kVA. Ní báyìí, òru la ń lò ó. Aṣọ òkè àti léèsì tí ìyá mi ń tọ́jú de Ojúde Ọba kì í wọ inú rẹ̀ rárá, atẹ́gùn abẹ́ òrùlé ló ń gbẹ àwọn yẹn.

Kí n tó lọ sùn, mo máa ń jáde sẹ́yìn ilé wo ìdérí yẹn nígbà tí dúráyà ń yí. Bí ó bá gbéra, ọ̀nà là. Bí kò bá gbéra, ẹ yọ pulọ́ọ̀gì kí ẹ tó wo ohunkóhun mìíràn.