Ṣéènì tó ń dún ṣaka-ṣaka nínú ẹ́ńjìnnì Corolla: bí ẹ ṣe lè pààrọ̀ ẹ̀ nílé

Tẹ́ ẹ bá ṣáná sí mọ́tò yín láàárọ̀ kùtù, tó wá dún ṣaka-ṣaka-ṣaka bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ fún bíi sẹ́kọ́ǹdì mẹ́ta sí márùn-ún kó tó dákẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òtútù ni o. Òtútù wo l'Ákúrẹ́? Táímìnnì ṣéènì ló ń pariwo yẹn.

Ṣéènì yìí ló so kránkì (ọ̀pá tí písítìnì ń yí) tó wà nísàlẹ̀ mọ́ kámṣáàfù tàbí kámù méjì (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù) tó wà lókè, òun ló ń jẹ́ kí àwọn fáàfù, ìyẹn ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tí èéfín ń gbà jáde, ṣí kí wọ́n sì padé lásìkò. Nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní ténṣọ́nà, òun ló ń tì í kó má baà dẹ̀, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló sì ń fún ténṣọ́nà yẹn lágbára. Ọ́ìlì á ti ṣàn wálẹ̀ mọ́jú, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àárọ̀ ni ariwo ẹ̀ máa ń pọ̀ jù. Ẹni tó bá ń wa mọ́tò títí ọ́ìlì ẹ̀ fi dúdú bí àdí, tí kò sì yọ gééjì wò láti ọdún tó kọjá, kó má bú Toyota.

Tèmi ni Corolla 2005, ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE, 1.8, irú èyí tó kún Ọjà Ọba bí èèrà. Ẹ́ńjìnnì yẹn ni mo fi ń sọ gbogbo eléyìí o, tó bá jẹ́ Honda tàbí Nissan ni tiyín, èrò ẹ̀ ò yàtọ̀ púpọ̀ ṣùgbọ́n máàkì ẹ̀ àti bóòtì ẹ̀ yàtọ̀, ẹ wá ìwé tiẹ̀.

Ìta ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ténṣọ́nà 1ZZ kò sí nínú kọ́fà tó bo ṣéènì, ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ló wà, ẹ̀gbẹ́ pásẹ́ńjà, ó kọjú sí ilé àwọn tó jókòó sínú mọ́tò. Nọ́ọ̀tì méjì péré ló dì í mú, sípánà 10. Tẹ́ ẹ bá ti yọ ọ́, ẹ má yí ẹ́ńjìnnì rárá, torí kò sóhun tó di ṣéènì mú mọ́. Èyí tuntun tẹ́ ẹ fẹ́ fi sí i, ẹ gbé eyín kékeré tó dì í mú sókè, ẹ fọwọ́ ti ọ̀pá ẹ̀ wọlé, ẹ fi ìkọ́ ara ẹ̀ há a, kẹ́ ẹ tó fi í síbẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà róbótó tuntun. 9 Nm (Nm ni wọ́n fi ń wọn agbára tí wọ́n fi ń di nọ́ọ̀tì) ni wọ́n fi ń di àwọn nọ́ọ̀tì yẹn, kékeré ni, ẹ má fi ìbínú dì í. Lẹ́yìn náà, ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń gbàgbé rèé: ẹ fi sókẹ́ẹ̀tì yí kránkì sẹ́yìn díẹ̀ kí ìkọ́ yẹn lè já, ẹ wá yí i síwájú. Tí ìkọ́ ò bá já, ọ̀pá ténṣọ́nà á wà ní ìhámọ́, ṣéènì á sì dẹ̀ bíi okùn aṣọ.

Tí ariwo bá lọ lẹ́yìn èyí, ẹ dúpẹ́, ẹ lọ jẹun. Tí kò bá lọ, tàbí tí iná ẹ́ńjìnnì ń tàn tí ẹ̀rọ skánà tí wọ́n fi ń yẹ mọ́tò wò sì ń ka kóòdù P0016, ìyẹn ni pé kránkì àti kámù ò bára wọn rìn mọ́, ó ṣeé ṣe kí ṣéènì ti fà. Ẹ máa ṣí i nìyẹn.

Ẹ má ra ṣéènì nìkan. Ṣéènì, ténṣọ́nà, gáìdì oníke méjèèjì, ọ́ìlì síìlì iwájú kránkì, gáskẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù kọ́fà, gọ́ọ̀mù tó ń fara da ọ́ìlì gbígbóná, ọ́ìlì tuntun pẹ̀lú fílítà. Mo mọ̀ pé bẹ́líjíọ̀mù la fi ń gbé mọ́tò ró nílẹ̀ yìí, èmi náà ń rà á, ṣùgbọ́n ṣéènì bẹ́líjíọ̀mù? Rárá o. Ṣéènì tí ẹlòmíì ti lò fà lẹ fẹ́ fi rọ́pò èyí tó fà. Nígbà tẹ́ ẹ bá yọ ti àtijọ́, ẹ gbé e kọ́ sórí ìṣó pẹ̀lú tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ máa rí i pé ó fi díẹ̀ gùn ju tuntun lọ.

Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kẹ́ ẹ páàkì sí, kì í ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó pọ̀ ládùúgbò wa Òkè-Àró níbí. Ẹ tú orí bátìrì tó jẹ́ négátíìfù, ẹ gbé iwájú lápá pásẹ́ńjà sókè, ẹ fi stand sí i, jáàkì nìkan kò tó, mi ò fẹ́ gbọ́ pé mọ́tò jókòó lé ẹnikẹ́ni lórí. Ẹ yọ táyà, ẹ da omi rádíétọ̀ àti ọ́ìlì nù sínú abọ́. Fáńbẹ́ẹ̀tì, ọ́tánétọ̀, wọ́tà pọ́ǹpù, kọ́ìlì mẹ́rin, tọ́ọ̀pù kọ́fà, gbogbo wọn á kúrò. Ẹ fi pákó sórí jáàkì mìíràn, ẹ fi gbé sọ́ńpù (àwo ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì) díẹ̀, kẹ́ ẹ tó yọ ẹ́ńjìnnì síítì tó gbé ẹ́ńjìnnì dúró lápá ibẹ̀. Bóòtì wọn ò gùn bákan náà, torí náà mo ya àwòrán kọ́fà sórí páálí indomie, mo sì ń gún bóòtì kọ̀ọ̀kan sí àyè ẹ̀ bí mo ṣe ń tú u.

Kẹ́ ẹ tó yọ púlì kránkì, ẹ fi sókẹ́ẹ̀tì 19 yí i lọ síbi tí aago ń lọ títí ìlà tí wọ́n gbẹ́ sára ẹ̀ fi máa dọ́gba pẹ̀lú òdo tó wà lára kọ́fà. Ẹ wá wo òkè, àmì ara gíà kámù méjèèjì gbọ́dọ̀ kọjú síra wọn lórí ìlà kan. Tí wọ́n bá kẹ̀yìn síra wọn, ẹ tún yí i odindi ìgbà kan sí i. Ẹ ya fọ́tò, ẹ fi Tipp-Ex sàmì síbi tí ṣéènì gbé bá gíà pàdé. Bóòtì púlì yẹn le bí ojú ẹja, èmi àti àbúrò mi la jọ bá a jà, òun di irin mú, èmi gun sípánà. Ẹ má yí kíì mọ́tò kí stárítà lè bá yín tú u o, ọgbọ́n burúkú gbáà ni.

Gọ́ọ̀mù ló di kọ́fà mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, ẹ rọra fi nǹkan pẹlẹbẹ ṣí i níbi tí wọ́n ṣe àyè sí, ẹ má kọ ọ́ lára. Ẹ yọ ténṣọ́nà kẹ́ ẹ tó yọ ṣéènì. Tí tuntun bá fẹ́ wọlé, ẹ jẹ́ kí kíì ara kránkì (irin kékeré tó wà lára ẹ̀, kì í ṣe kíì mọ́tò) kọjú sókè, ẹ kó ìjápọ̀ aláwọ̀ (ojú ṣéènì tí wọ́n kùn) tó wà lára ṣéènì sórí àmì kránkì, kẹ́ ẹ wá kó àwọn tó kù sórí àmì kámù. Lápá tí ténṣọ́nà kò sí, ṣéènì gbọ́dọ̀ le gan-an. Ẹ ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò pátápátá, ẹ fi tuntun sí i tẹ́ẹ́rẹ́, tó bá pọ̀ jù, á já sínú sọ́ńpù, á lọ dí ẹnu ọ́ìlì. Bóòtì púlì, 138 Nm, ẹ wá sípánà tọ́ọ̀kì tó ń wọn Nm yá.

Ẹ dá ténṣọ́nà padà, ẹ jẹ́ kí ìkọ́ ẹ̀ já bí mo ṣe sọ lókè, ẹ wá fi ọwọ́ yí kránkì odindi ìgbà méjì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan kíì mọ́tò, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá àwọn àmì gíà tún dọ́gba. Ìjápọ̀ aláwọ̀ ò ní bá àmì ẹ̀ mu mọ́ o, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, àmì ara gíà ni kẹ́ ẹ wò. Tó bá ha síbi kan, ẹ má tì í, fáàfù lè ti kan písítìnì. Mọ́tò ẹnì kan ládùúgbò wa, mẹkáníìkì ò yí i lọ́wọ́, ó kàn ṣáná sí i, eyín méjì ni ṣéènì fi yẹ̀, wọ́n tún ẹ́ńjìnnì ṣí lẹ́ẹ̀kejì, owó sì di ìlọ́po mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí gọ́ọ̀mù gbẹ mọ́jú, ẹ wá da ọ́ìlì 5W-30 àti omi sí i, ẹ yọ rílè pọ́ǹpù epo, ẹ fi kíì yí i díẹ̀ kí ọ́ìlì lè gòkè, kẹ́ ẹ tó dá a padà kẹ́ ẹ sì ṣáná. Ó lè dún díẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, kó tó dákẹ́. Èmi fi páálí kan náà sábẹ́ ẹ́ńjìnnì sùn mọ́jú, láàárọ̀ mo bẹ̀rẹ̀ wò ó, páálí gbẹ táútáú.