Bí mo ṣe fi fóònù gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi dìde lórí àga

Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ kì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n ń jí ní ìdájí, wọ́n ń kàwé wọ òru, àmọ́ orí ìjókòó ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀: nínú kíláàsì, nídìí kọ̀ǹpútà, lórí bẹ́ẹ̀dì tàwọn ti fóònù. Ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún á gun àtẹ̀gùn kan péré, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ká mi lára. Mo wá pinnu pé fóònù tí kì í kúrò lọ́wọ́ wọn yìí náà la máa fi gbé wọn dìde.

Kí n tó bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́, mo kọ́kọ́ wá ìdí ohun tí ara nílò gan-an. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2020 ní kí ẹni ọdún 18 sí 64 máa ṣe eré ìmárale tó mọ níwọ̀n fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, tàbí èyí tó le fún ìṣẹ́jú 75 sí 150. Ohun tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni pé wọ́n ti yọ òfin àtijọ́ tó ní ìrìn tí kò bá tó ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀kan náà kò kà. Ní báyìí, ìrìn kíláàsì kan sí òmíràn ti wọ inú ìṣirò.

Mo tún wá ìdí 10,000 ìṣísẹ̀ tí ọ̀pọ̀ áàpù máa ń pariwo. Ẹ̀rọ kan tí ń ka ìṣísẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Japan ní 1965, lẹ́yìn eré Olympics Tokyo, ló sọ iye yẹn di gbajúmọ̀; ọjà ni wọ́n fi ń polówó. Ìwádìí tí I-Min Lee àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2019 lórí àwọn ìyá àgbà fi hàn pé àwọn tó ń rìn tó 4,400 ìṣísẹ̀ lójúmọ́ kò kú tó àwọn tó ń rìn 2,700, àti pé àǹfààní náà kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i mọ́ lẹ́yìn nǹkan bí 7,500. Àwọn ọmọ tèmi kì í ṣe ìyá àgbà lóòótọ́, àmọ́ mo kà á fún wọn, nítorí ẹni tó ń rìn 2,500 tí wọ́n bá dárúkọ 10,000 fún, ó máa ń pa áàpù náà rẹ́ ni.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a ò yí ohunkóhun padà. Mo ní kí kálukú máa gbé fóònù káàkiri bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, kó sì jẹ́ kí áàpù ìlera orí rẹ̀ máa kà. Health ti wà lórí iPhone. Àwọn tó ń lo Android lo èyí tó bá fóònù wọn wá. Ẹnikẹ́ni kò ra aago ọwọ́. Mo ṣàlàyé pé ẹ̀rọ kékeré inú fóònù tí wọ́n ń pè ní accelerometer ló ń mọ̀ bí fóònù ṣe ń mì tẹ̀ lé ẹsẹ̀, nítorí náà fóònù tó wà lórí tábìlì kò lè ka ìrìn olówó rẹ̀. Èyí kan àwọn ọmọbìnrin jù, torí aṣọ púpọ̀ nínú tiwọn kò ní àpò. Báàgì wọn á wà lórí àga, àwọn á ti rìn lọ rìn bọ̀. A fi ìyẹn sọ́kàn nígbà tí a ń wo iye tiwọn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ṣe ìpinnu tí mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀: kò sí àtẹ ìdíje. Áàpù púpọ̀ ló ń to èèyàn láti orí ẹni àkọ́kọ́ dé ẹni ìkẹyìn, àwọn ọmọ kan sì fẹ́ ẹ gan-an. Mo kọ̀. Ẹni tó máa wà lókè àtẹ ni ẹni tó ti ń rìn ká tó dé. Ẹni tó máa wà nísàlẹ̀, tí mo tìtorí rẹ̀ dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ sá. Dípò bẹ́ẹ̀, kálukú mú iye tó sábà máa ń rìn lójúmọ́, ó fi 1,000 lé e. Tí èèyàn bá ń rìn ìrìn gidi, nǹkan bí 100 ìṣísẹ̀ ló ń gbé ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ìrìn ìṣẹ́jú 10 péré la ń bẹ̀ wọ́n sí.

Ìgbà wo ni wọ́n máa rìn ín? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìpinnu máa ń kú sí. Ìwádìí Peter Gollwitzer, tó jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, jẹ́ ká mọ̀ pé ẹni tó bá so ìpinnu rẹ̀ mọ́ àkókò àti ibì kan pàtó máa ń mú un ṣẹ ju ẹni tó kàn ní òun á gbìyànjú. Mo ní kí kálukú kọ gbólóhùn kan, bíi: “Bí kíláàsì ọ̀sán bá ti parí, màá yí pápá po kí n tó jókòó.” Gbólóhùn yẹn gan-an la kọ sára áláàmù, kó lè hàn lójú fóònù bó bá dún. Ìránnilétí tí áàpù ń ṣe fúnra rẹ̀ kò wúlò fún wa rárá. Àárín ẹ̀kọ́ ló ń dún, wọ́n á sì pa á lẹ́nu mọ́ kíá.

Èmi náà gba àlàyé àwọn orí ìwé kan sílẹ̀ ní ohùn, mo fi sí ẹgbẹ́ WhatsApp wa. Òfin kan ló wà lórí rẹ̀: orí ìdúró tàbí ìrìn ni kí wọ́n ti gbọ́ ọ, kí etí kan sì ṣí sílẹ̀ bí wọ́n bá wà létí títì. Nínú gbogbo ohun tí a ṣe, èyí ló mú àwọn tó ń sọ pé ìwé kò jẹ́ káwọn ráyè.

Bí wọ́n bá ti ń rìn, wọ́n á fi ohùn jẹ́ mi níṣẹ́ lórí ìrìn náà. Mo fẹ́ràn èyí ju iye orí áàpù lọ, nítorí mo ń gbọ́ èémí wọn. Ọmọbìnrin kan sọ pé, “Ẹ káàsán mà, mo ti dé… ẹ̀yìn ilé ìkàwé… mo ń bọ̀.” Mo dá a lóhùn pé, “O káre. Ó yá, kọrin ìlà kan fún mi.” Ó bẹ̀rẹ̀ orin, èémí gé e láàárín, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ìwọ̀n tí à ń wá nìyẹn: kí èèyàn lè sọ̀rọ̀, àmọ́ kó má lè kọrin.

Lórí àwòrán tí ọmọkùnrin kan fi ránṣẹ́ láti ojú fóònù rẹ̀, mo rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìṣísẹ̀ láàárín òru. Ó ti ń mi fóònù lọ́wọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, “Ẹ má bínú mà, mi ò fẹ́ kó dà bíi pé èmi nìkan ni mi ò lè ṣe é.” A dín ohun tó fẹ́ fi kún ìrìn rẹ̀ kù sí ìdajì lójú ẹsẹ̀, kò sì mì í mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan ń lo àga oníkẹ̀kẹ́. Láti 2016 ni aago ọwọ́ Apple Watch ti lè ka bí èèyàn ṣe ń ti àga rẹ̀, àmọ́ kò ní ọ̀kan, nítorí náà ìṣẹ́jú la kà fún un. Ó ń fi aago orí fóònù ṣọ́ àkókò tó fi ń ti àga àti èyí tó fi ń fa rọ́bà láti fún apá lágbára.

Ọ̀rọ̀ ààbò náà wà níbẹ̀. Ní 2018, ayé gbọ́ pé máàpù tí Strava, áàpù tí àwọn tó ń sáré tí wọ́n sì ń rìn fi ń ka eré wọn, gbé jáde ti tú àṣírí ibi tí àwọn ọmọ ogun ń gbé, nítorí ipa ìrìn àti eré sísá wọn hàn lórí rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń gba ọ̀nà kan náà ní wákàtí kan náà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àjèjì rí ipa rẹ̀. A jọ jókòó, a sì pa fífi ibi tí èèyàn wà han ẹlòmíràn lórí fóònù kọ̀ọ̀kan.

Ìdánwò dé. Mo ti mọ̀ pé àṣà tuntun kì í tètè mọ́ra. Nínú ìwádìí Phillippa Lally àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2010, ó tó nǹkan bí ọjọ́ 66 fún ọ̀pọ̀, àwọn kan sì gbà ju ìyẹn lọ fíìfíì. Nítorí náà a ò ní kí ẹnikẹ́ni dáwọ́ dúró, a kàn dá iye náà padà sí ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ títí ìdánwò fi parí, lẹ́yìn náà a tún fi 1,000 lé e. Àwọn kan ti pa áláàmù wọn báyìí nítorí ẹsẹ̀ wọn ti mọ ọ̀nà. Àwọn yòókù ṣì ń lò ó, mi ò sì ní kí wọ́n pa á.